Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ṣíṣe Ọfà àti Ọta Àkànṣe: Láti Ilé Arọ Òkè-Ògùn dé Inú Eré Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni wíwá ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yẹ fún ìlànà ṣíṣe ọfà àkànṣe nínú eré Minecraft, èyí tí ilé-iṣẹ́ Mojang ti orílẹ̀-èdè Sweden gbé jáde ní pípé ní ọdún 2011. Nínú eré yìí, kò sí ìtàn kan pàtó tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ohun tí ẹni tí ń ṣeré bá rí kó jọ ni yóò fi ṣe irinṣẹ́, ilé àti ohun ìjà rẹ̀.

Èrò wa ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń wá ti wà lẹ́nu ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti agbègbè Òkè-Ògùn. Bí onítumọ̀ bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun láìwo inú àpò àwọn àgbà wọ̀nyí, yóò sọ ohun àjogúnbá nù, yóò sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ tí kò péye.

2. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

(i) Ọfà: ó ní orí, igi àti ìyẹ́. A ń ta ọfà. Inú apó ni a ń kó o sí.

(ii) Ọta: ohun tí ìbọn ń sọ jáde. A kì í ta ìbọn bí a ti ń ta ọfà. A ń yin ín ni. Láti ẹnu ni a ti ń ki ìbọn ṣakabùlà.

(iii) Ẹ̀tù: ohun lẹ́búlẹ́bú tí iná ń ràn nínú ìbọn. Kí olùkọ́ má ṣe fi àmì ohùn ṣeré níhìn-ín: ẹ̀tù ni ọdẹ ń kì, ẹtù ni ẹyẹ, ẹtu sì ni ẹranko. Bí a bá kọ gbólóhùn kan nípa ọdẹ láìfi àmì sí i, òǹkàwé kò ní mọ èyí tí ó pa àti èyí tí ó fi pa á.

(iv) Oró: ohun tí a fi ń kun orí ọfà kí ó lè pa ẹran kíákíá.

(v) Rọ, hun, gún, pò: alágbẹ̀dẹ ń rọ irin ní ilé arọ, ará Ìsẹ́yìn ń hun aṣọ òfì, oníṣègùn ń gún egbòogi, ó sì ń pò ó.

3. Ìlànà inú eré náà

Òkúta ẹlẹ́nu mímú kan, igi kan àti ìyẹ́ kan ni a ń tò sójú àpótí oníhò mẹ́sàn-án láti rí ọfà 4. Ní ọdún 2016 ni ọfà àkànṣe wọ inú eré náà. Nínú ẹ̀dà Java, bí a bá fi ọfà 8 yí ìgò oògùn tí èéfín rẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀ ká, a óò rí ọfà 8 tí oògùn wà lórí wọn. Lẹ́búlẹ́bú òkúta títàn 4 àti ọfà 1 yóò sì fún wa ní ọfà 2 tí ń mú kí ara ohun tí wọ́n bá bà máa tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Agbára oògùn orí ọfà kì í pẹ́ tó ti èyí tí a mu: ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Oró tí ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 45 nínú ìgò yóò ṣiṣẹ́ fún 5 péré lórí ọfà.

4. Àbá

(a) Ìtòṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni eré náà ń lò fún ṣíṣe ọfà, búrẹ́dì àti ibùsùn. A kò lè fi ‘rọ’ túmọ̀ rẹ̀, nítorí a kì í rọ búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í hun idà. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni títò. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a pe iṣẹ́ náà ní ìtòṣe, kí a sì pe àpẹẹrẹ tí a ń tẹ̀ lé ní àtòṣe.

(b) Àfita. Ọta kò lè dúró fún ọfà, ọfà kò sì lè dúró fún ọta. Bí a ti ní àfiwé àti àfikún, a lè ní àfita fún gbogbo ohun tí ohun ìjà ń rán lọ. Àfita àkànṣe yóò wá jẹ́ orúkọ ìsọ̀rí tí a ń jíròrò lé lórí.

(d) Ọfà olóògùn. Ọ̀pọ̀ ni yóò yára sọ pé ‘ọfà olóró’. Ṣùgbọ́n ọfà ìwòsàn wà nínú eré náà pẹ̀lú, a kò sì lè pe ohun tí ń woni sàn ní olóró. Oògùn nìkan ni ó gba ire àti ibi mọ́ra. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti èyí lẹ́yìn: láti ara irúgbìn Strophanthus, tí a ti ń lò fún oró ọfà ní Áfíríkà, ni Thomas Fraser ti Edinburgh ti rí oògùn àrùn ọkàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwọ̀n ni ó pààlà sáàárín oró àti oògùn. Ọfà olóró jẹ́ ẹ̀yà kan lára ọfà olóògùn.

5. Bí a ṣe lè tún ìlànà náà ṣe

Àléébù ìtòṣe ni pé kò ka ìwọ̀n sí. Ẹ̀dà Bedrock sàn díẹ̀ ní ti èyí: níbẹ̀, a lè da oògùn sínú ìkòkò irin, kí a sì ri ọfà bọ inú rẹ̀, ìkòkò tí ó kún lè tó ọfà 64, èyí tí kò kún yóò sì tó díẹ̀. Èyí sún mọ́ ìṣe ọdẹ ju títò lọ, ‘ríri ọfà’ sì ni a óò pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe síwájú sí i yẹ kí ó jẹ́ kí àsìkò náà ní ipa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní in ní ilé arọ, níbi tí irin tí a kò fi sínú iná pẹ́ tó kì í gba owú.

6. Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá kò pọ̀: ìtòṣe, àtòṣe, àfita, ọfà olóògùn àti ríri ọfà. Ẹni tí ń ki ṣakabùlà àti ẹni tí ń rọ orí ọfà ń dínkù, nítorí náà kí olùkọ́ tètè gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ pàdé ‘apó’ àti ‘ẹ̀tù’ nínú eré yóò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ń sọ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ oko ọdẹ.