Ẹ Wo Ẹ̀yìn Kí Ẹ Tó Dìde

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí ó ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, tí yóò sì bá a na ilẹ̀ tó gbé e ṣubú. Àgbà ń wo ẹ̀yìn nítorí ó fẹ́ mọ ohun tó fẹsẹ̀ kọ, kó má baà tún lọ kọ ọ́ lọ́la. Òwe yìí kò sọ iye ọdún tí èèyàn fi ń di àgbà. Mo ti rí ọmọ ogún ọdún tó ń wo ẹ̀yìn, mo sì ti rí baba arúgbó tó ṣì ń retí kí wọ́n bá òun na ilẹ̀.

Lóde òní, bí nǹkan bá dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, orúkọ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìjọba ni. Ayé ni. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kò kọ́ mi délẹ̀. Ìyàwó bàbá mi ni. N kò ní kí ẹ má dárúkọ wọn. Ìlú yìí le, ojú wa ló ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, tòmátì ń jẹrà lórí àtẹ nítorí oníbàárà kò rí owó gbà ní báǹkì. Kò pẹ́ sígbà náà ni owó ìrànwọ́ orí epo lọ, tí náírà sì já wálẹ̀. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ̀bi ọmọ tó ń pàtẹ? Ayé náà sì wà. Àgbà kan kò ní jókòó kó ní ọ̀tá kò sí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nínú gbogbo ìjákulẹ̀, ìlú ní ìpín tirẹ̀, èèyàn ní ìpín tirẹ̀, ìwọ náà sì ní tìrẹ. Ti ìlú, o lè sunkún lé e lórí. Ti èèyàn, o lè bínú sí i. Tìrẹ nìkan ni ọwọ́ rẹ tó láti tún ṣe.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ẹja inú fìrísà, Titus àti ṣáwá. Òwò náà dàrú, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá ń ti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá bá mi. N kò bá a jiyàn ọ̀rọ̀ àdúrà, èmi náà ń gbà á. Mo kàn ní kó lọ mú ìwé àti bírò wá.

A fa ìlà sójú ìwé náà, ó di ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ìlú ṣe, ohun tí èèyàn ṣe, ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Ọ̀nà kìn-ín-ní kún kíá: iná tí kì í wá, epo jẹnẹrétọ̀ tó gbówó lórí, páálí ẹja tí owó rẹ̀ ń gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà kejì náà kún: àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè tí wọn kò yọjú mọ́, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí kì í sọ iye tó pa. Nígbà tó kan ọ̀nà kẹta, bírò dúró.

Mo ní, “Ìyá tó jẹ ọ́ ní gbèsè tí o kọ síbí yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lo tà á láwìn?”

Ó ní, “Á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, Bàbá.”

“Ṣé ó san ti àkọ́kọ́ kí o tó tún gbé ìkejì fún un?”

Kò fèsì. Mo ní kó fa igi lé onígbèsè náà lórí ní ọ̀nà kejì, kó gbé e lọ sí ọ̀nà kẹta. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ta ló fi í sí ṣọ́ọ̀bù láìfún un ní ìwé tí yóò máa kọ ọjà sí? Òun náà ṣí lọ sí ọ̀nà kẹta. A kan fìrísà. Ó mọ̀ pé iná kì í dúró, síbẹ̀ ó ń kó ẹja kún un dé ẹnu, nítorí fìrísà tó kún ni aládùúgbò ń wò tí wọ́n fi ń pè é ní ọlọ́jà ńlá. Níbi tí a dé yìí, n kò béèrè nǹkan mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rántí pé owó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ òun, inú ojú owó lòun ti yọ ọ́, òun ní òun á dá a padà tí ọjà bá tà. Nígbà tí a fi máa ṣe tán, ọ̀nà kẹta ló gùn jù lójú ìwé náà.

Ó sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé ọ̀nà kẹta tó ń pa á lẹ́kún yẹn ni ìrètí rẹ̀ wà, nítorí kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó ní láti bẹ ìjọba kó tó tún un ṣe.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ra páálí kan láàárọ̀, ó ń tà á nítòsí gáréèjì. Bí oòrùn bá ń rọlẹ̀ tí ẹja bá kù, á gbé e sórí ààrò, á yan án, kó má baà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì tà á ní yíyan lọ́jọ́ kejì. Kò sí àwìn fún ẹni tí kò san ti tẹ́lẹ̀. Kò tíì kọ́lé, kò tíì ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n gbèsè ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ iye tó ń jẹ lérè lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ohun tí kò mọ̀ nígbà tó ní fìrísà.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò kan wà nínú ìtàn tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀, torí ọmọ wa wà níbẹ̀. Ní 1832, Macgregor Laird, oníṣòwò ará Scotland, kó ọkọ̀ wọ Odò Ọya. Òyìnbó 48 ló lọ, 9 péré ló padà délé láàyè. Ibà ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ rán ọkọ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ló ń fa ibà, wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ sínú ọkọ̀. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n wọ odò, ibà ti dá àwọn atukọ̀ dùbúlẹ̀. Òyìnbó tó lé ní 40 ló kú, wọ́n sì pa oko tí wọ́n dá nítòsí Lọ́kọ́ja tì.

Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò yìí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé lọ sí Sàró. Kì í ṣe òun ló darí ọkọ̀, kì í ṣe òun ló yan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà ti fi hàn pé èdè àwọn ará etí odò kò yé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ibi tí ọwọ́ Crowther tó nìyẹn, ibẹ̀ ló sì fi ọwọ́ sí. Ní 1843, ọdún tí wọ́n fi í ṣe àlùfáà, ìwé tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tó yá, ó ṣe ìwé ìkàwé fún èdè Ìgbò àti Núpé.

Àwọn yòókù náà wo ẹ̀yìn. Dókítà kan tó bá wọn lọ ní 1841, Thomson, ti kíyè sí iṣẹ́ tí kínínì ń ṣe, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1854, Laird tí òkú kún ọkọ̀ rẹ̀ nígbà kan tún pèsè ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Pleiad. Dókítà William Baikie ló darí rẹ̀, Crowther náà sì tún wọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo kínínì, kí ibà tó dé, wọn kò dúró dìgbà tó bá mú wọn. Wọ́n gba Odò Ọya dé Bẹ́núè, wọ́n sì padà láìsí ẹnì kan tó kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ní 1854, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ọdún 1897 ni Dókítà Ronald Ross tó rí i fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọn kò mọ gbogbo ìdí tí wọ́n fi ṣubú. Èyí tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n tún ṣe, ó sì tó láti gbé wọn padà sílé. N kò yin ohun tí òyìnbó padà wá fi odò náà ṣe, torí ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ìjọba amúnisìn gbà wọlé. Ọgbọ́n ni mo ní kí ẹ mú. Ẹni tó bá ní òun gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń ṣe òun kí òun tó gbé ẹsẹ̀, á pẹ́ lórí ìjókòó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń tún ìdánwò ṣe, ẹ kì í tún ìwé kà. Owó fọ́ọ̀mù JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé kan náà, ọ̀nà ìkàwé kan náà, ìrètí tuntun. Bí ìṣirò bá ń gbé ọ ṣubú, ibo gan-an nínú ìṣirò ni? Ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ẹ̀yin òbí tó ń gbé ọmọ lọ sí mírákù sẹ́ńtà, níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe ìdánwò, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá ọmọ na ilẹ̀. Ẹ ti gba ìṣubú kékeré tí ì bá kọ́ ọ lọ́gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ń fi ńlá pamọ́ dè é níwájú.

Wíwo ẹ̀yìn kì í sọ pé kí èèyàn ju gbogbo nǹkan nù. Ní 1954, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí àwọn fúnra wọn ń ṣàkóso. Owó-orí tí wọ́n bù fún ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tó bí ará ìlú nínú. Wọn kò pa ètò náà tì. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ló bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó lé ní 800,000 ló sì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí ìdìbò ẹkùn dé ní 1956, wọ́n wọlé. Bí o bá yẹ ara rẹ wò tí o rí i pé iṣẹ́ náà dára, tó jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó, di ọwọ́ rẹ mú.

Ọ̀rọ̀ kan kù, àwọn tó ń rí ṣe ló kàn. Nígbà tí náírà já ní 2023, ẹni tó ní ọjà àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù jèrè lójú oorun. Àwọn kan rò pé ọgbọ́n ni. Wọ́n yáwó, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ra ọjà tuntun ni wọ́n rí i pé owó tí wọ́n pè ní èrè kò tó ra ìdajì ohun tí wọ́n tà. Bí ó bá dára fún ọ, wo ẹ̀yìn náà: kí ni ọwọ́ mi ṣe níbẹ̀, kí ni àsìkò ṣe? Ẹni tí kò mọ ìdí tó fi yege kò lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta yẹn, kí ẹ kọ ọ́ láìpọ́n ara yín lé, kí ẹ má sì pa ara yín lẹ́kún kọjá bó ṣe yẹ. Àgbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ fi ìwé náà han ẹnì kan tí kì í tàn yín, kó bá yín gbé ohun tó yẹ kó ṣí sí ọ̀nà kẹta lọ síbẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, èyí tó kéré jù, kí ẹ tún un ṣe lọ́la. Ẹni tí ẹ jẹ lówó, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá tí ẹ bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó délẹ̀, ẹ padà lọ kí i, kí ẹ béèrè ohun tó kù. Ọlọ́run Ọba yóò fi alùbáríkà sí i. Àmọ́ ìwé àti bírò, ọwọ́ yín ló wà.