Ẹni Tí Ń Yẹ Odi Wò: Ẹ̀kọ́ Ààbò Kọ̀ǹpútà fún Àwọn Ọmọ Wa

Àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa já bí wọ́n bá gbọ́ pé a fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọgbọ́n tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ níbí, ta ni kò mọ ohun tí à ń pè ní Yahoo? Ìbéèrè wọn tọ́: ṣé kì í ṣe olè jíjà ni a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Nehemáyà, orí kejì. Ní òru, Nehemáyà yẹ odi Jerúsálẹ́mù wò, ibi tí ó ti wó àti ẹnu-ọ̀nà tí iná ti jó. Ohun kan náà ni olè tí ó fẹ́ wọ ìlú yóò kọ́kọ́ ṣe. Kí ni ó wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Nehemáyà ti gba ìyọ̀ǹda ọba, ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó rí àlébù náà, ó sọ fún àwọn tí ó ni ìlú, ó sì bá wọn mọ odi wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ethical hacking kò dúró lórí ohun mìíràn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Àwọn ọ̀daràn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí ń bójú tó owó ní Unatrac, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ta ẹ̀rọ Caterpillar. Ímeèlì náà gbé e lọ sí ojú-ewé ayédèrú, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fi í wọ inú ímeèlì rẹ̀, wọ́n ṣe ìwé owó ayédèrú, nǹkan bí mílíọ̀nù 11 dọ́là sì lọ. Obinwanne Okeke, ọmọ Nàìjíríà tí Forbes ti kà mọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò pàtàkì ní Áfíríkà ní 2016, gbà ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Kò sí ẹni tí ó fọ́ ilẹ̀kùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ògiri ti ń lanu ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kí ọmọ mọ bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì. Nínú "banki-yin.example.com", example ni ó ni ojú-ewé náà, kì í ṣe báńkì yín, nítorí orúkọ tí ó kángun sí ".com" ni orúkọ onílé. Èkejì, kí ó so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan pọ̀ ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ó má sì lo ọ̀kan ní ibi méjì. Ẹ̀kẹta, kí ó mọ̀ pé OTP tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹni tí ó bá pè láti bèèrè rẹ̀, olè ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì. Ọmọ tí ó mọ èyí lè dá owó ọjà ìyá rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánrawò, lórí kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ yà sọ́tọ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ọ̀gá àti òbí fọwọ́ sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ àbọ̀ ohun tí ó rí. Fóònù ọ̀rẹ́ àti Wi-Fi aládùúgbò kò sí nínú rẹ̀, ì báà ṣe eré. Kí a sì ka òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2024, fún wọn ní kíláàsì.

Bí a kò bá kọ́ wọn, àwọn kan wà níta tí yóò kọ́ wọn láì mẹ́nu ba ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wá fi Sátidé kan nínú táàmù kọ́ àwọn àbúrò yín. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá fi ohun tuntun tí ó lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà hàn yín, ẹ yìn ín, kí ẹ sì bi í pé, "Ta ni ó fún ọ ní àṣẹ?" Nehemáyà ní ìwé lọ́wọ́ láti fi dáhùn ìbéèrè yẹn.