Fatai Rolling Dollar àti Gìtá Ilé Ẹlẹ́mu

Orin ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lọ́sẹ̀ yìí: gìtá tí àwọn àgbà ń ta nílé ẹlẹ́mu kí jùjú tó gbòde, àti bàbá kan tí kò jẹ́ kó parun, Fatai Rolling Dollar. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ọláyíwọlá Fatai Ọlágúnjú. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i.

Àwa ará Marine Beach ò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ojú omi ni ọ̀nà ìta-gìtá yìí gbà wọlé. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ láti èbúté kan dé èkejì, ni wọ́n ń gbé gìtá kiri, tí wọ́n sì ń fi ìka méjì ta á. Àtàǹpàkò ń ta okùn tó nípọn, ìka ìfábẹ̀lá ń fa ohùn orin jáde lára okùn tínrín. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí tábìlì yín ná. Àtàǹpàkò ò gbọdọ̀ dúró, ìka kejì ò sì gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé e. Ó le, àbí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹni kan ṣoṣo á máa dún bí ẹni méjì. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Mississippi náà ń lo àtàǹpàkò báyìí nínú blues ìgbèríko wọn.

Bàbá yìí tún mọ àgídìgbo. Àpótí pákó ni, ó ní ihò níwájú, wọ́n sì to irin pẹlẹbẹ sórí ẹ̀. Irin tó bá gùn máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ohùn ẹ̀ á nípọn; èyí tó kúrú á yára gbọ̀n, ohùn ẹ̀ á sì ga. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Físíìsì, ọ̀rọ̀ yín rèé o!) Òun ló ń ṣe ìsàlẹ̀ orin kí gìtá oníná tó dé.

Láyé 1950 sí 1959, Fatai bá J. O. Araba ṣeré, lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ African Rhythm Band tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Abẹ́ rẹ̀ ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Ìlù wá pọ̀ sí i, gìtá oníná dé, ọmọ iṣẹ́ sì gbajúmọ̀ ju ọ̀gá lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá táwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ bàbá mọ́.

Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí Jazzhole ní Ìkòyí tó gbé àwo tuntun rẹ̀ jáde, tí wọ́n pè ní Returns. Ló bá tún bọ́ sórí ìtàgé, pẹ̀lú gìtá àti ijó. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Mississippi John Hurt ní Amẹ́ríkà: ó ṣe àwo ní 1928, kò sẹ́ni tó tún wá a títí di 1963 tí wọ́n rí i ní abúlé Avalon. Ọdún mẹ́ta péré ló tún lò. Ti bàbá wa gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2013 ló kú, lẹ́ni ọdún 85. Remi Vaughan-Richards fi òun àtàwọn àgbà olórin míì ṣe fíìmù Faaji Agba.

Inú mi dùn sí àwo àti fíìmù yẹn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọn ò tó. Àwo lè jẹ́ kéèyàn gbọ́ àtàǹpàkò yẹn, kò lè di ọwọ́ ọmọdé mú kó sọ pé, "Rárá, báyìí ni." Àgbà tó wà láàyè nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Torí náà, ẹni tó bá mọ bàbá tàbí ìyá kan ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ tó ṣì ń ta àgídìgbo tàbí gìtá oníka-méjì, kó wá rí wa nínú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn nígbà ìsinmi ọ̀sán. A máa lọ kí wọn nílé.