Kí Itan Yín Tó Yọ: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Oníkẹ̀kẹ́ Ìkòrò

"Bàbá, ìgbà wo ni itan mi máa yọ?" Ìbéèrè tí ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkòrò lọ sí Ìjerò máa ń bi mí jù nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ń bi mí ní òdì-kejì rẹ̀: "Bàbá, ṣé itan mi ò ní tóbi jù báyìí?" Ìdáhùn kan náà ni mo ní fún tọkùnrin tobìnrin. Kẹ̀kẹ́ kì í fún gbogbo èèyàn ní ara kan náà. Bí ẹ bá ṣe ń gùn ún ni ara yín yóò ṣe rí. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn lè làágùn ọdún kan gbáko, kó sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun ò rí ohun tí òun ń wá.

Ẹ wo Robert Förstemann, ọmọ Jámánì tó wà nínú àwọn mẹ́ta tó gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ fún orílẹ̀-èdè wọn ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012. Itan rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbàdí ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́. Eré tó gbà á fún kì í pé ìṣẹ́jú kan tó fi ń parí. Gbogbo agbára ara ni wọ́n ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá wo Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia tó borí ní Kigali, ní Rwanda, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ti ojú títì kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà tó lé ní 260 kìlómítà ni wọ́n gùn lọ́jọ́ náà, òkè lórí òkè, bíi ti ilẹ̀ wa níbí gan-an. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹran tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, kò sí lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ làwọn méjèèjì fi ń jẹun.

Nítòsí ilé, ẹ rántí Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíńpíìkì Paris ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ó gun ti ojú títì, ó tún wọ inú gbọ̀ngàn lọ gun eré sáré-pajúdé tí wọ́n ń pè ní keirin, kẹ̀kẹ́ tí ikọ̀ Jámánì yá a ló sì fi gun èyí tó kẹ́yìn yẹn. Mo yìn ín títí dòní. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ̀lé e, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ méjì tó ń fa ara síhìn-ín sọ́hùn-ún ló gbé dání. Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀kan.

Ìdí rẹ̀ rèé. Fọ́nrán oríṣi méjì ló wà nínú iṣan wa. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ìkejì yára, ó lágbára, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì, ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè máa bára yín sọ̀rọ̀ lọ, ti àkọ́kọ́ lẹ ń lò. Kì í nípọn púpọ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń pọ̀ sí i láàárín rẹ̀, ó sì ń mọ bí a ti ń fi ọ̀rá ara ṣe agbára. Bí ẹ bá wá fi gbogbo agbára sáré gun òkè kúkúrú fún ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30, tí ẹ sinmi dáadáa kí ẹ tó tún un ṣe, ìkejì lẹ pè yẹn. Òun ló ń nípọn, òun ló sì ń mú itan yọ.

Àwa tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, òkè ni ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá kúrò ní Àrámọ̀kọ, tó forí lé Ìta-Awúre, tó ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lòun ń lọ, kò síbi tó lè yà sí tí kò ní gun òkè. Gíà ni ẹ ó fi yan ara tí ẹ fẹ́. Bí gíà bá le, tí ẹsẹ̀ ń yí bí ìgbà 50 sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, itan ni iṣẹ́ pọ̀ fún. Bó bá fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ ń yí ní ìgbà 80 sí 90, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba iṣẹ́ náà, orúnkún á sì rí ìsinmi. Ẹni tí kò tíì gùn tó oṣù mẹ́ta, n kò fẹ́ rí i lórí gíà tó le. Iṣan máa ń tètè lágbára ju okùn tó so ó mọ́ egungun lọ, orúnkún ló sì ń jìyà àìdọ́gba yẹn.

Àwọn bàbá wa kò ní gíà tí wọ́n ń pààrọ̀. Raleigh tí wọ́n ń gùn, gíà kan ṣoṣo ló ní, irin rẹ̀ sì wúwo. Òun ni wọ́n fi ń gbé kòkó wá láti oko. Òun ni adẹ́mu ń gbé ẹmu lé. Òun náà ni àwọn òṣómàáló Iléṣà ń gùn kiri ìlú Èkìtì tòun ti ẹrù aṣọ lẹ́yìn, tí wọ́n á tún gùn ún padà wá gba gbèsè wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní eré ìdárayá, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sílé. Àmọ́ nígbà tí òkè bá ga ju agbára lọ, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a ti kẹ̀kẹ́ náà gòkè, ojú kò sì tì wọ́n. Títì tí wọ́n ń tì í yẹn ń fún èjìká àti ẹ̀yìn ní iṣẹ́ tí orí ìjókòó kò lè fún wọn. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń ba orúnkún ara rẹ̀ jẹ́ nítorí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tì í. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó gùn ún débi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọnrangandan síwájú, kí ẹ sì fún itan náà le. Ẹran kan yóò yọ lókè orúnkún, ní apá inú, bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ jábọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án. Iṣan mẹ́rin ló wà níwájú itan, ọ̀kan nínú wọn nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa na orúnkún. Ara oníkẹ̀kẹ́ lẹ ti sábà máa ń rí i kedere. Nígbà tí pẹ́dàlì bá wà lókè, tó fẹ́ máa bọ̀ wá síwájú, ẹran ìdí àti iwájú itan ló jọ ń tì í. Bó ti ń lọ sísàlẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á di kókósẹ̀ mú kó má baà yẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn itan náà kò jókòó lásán. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé iwájú itan nìkan ló ń ro yín lẹ́yìn ìrìn, tí ìdí kò mọ nǹkan kan lára, ẹ yẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín wò. Ó ṣeé ṣe kó ti lọ sílẹ̀ jù.

Bí a ti ń wọ̀n ọ́n rèé. Kí ẹnì kan bá yín di kẹ̀kẹ́ mú, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ti ògiri. Ẹ jókòó lé e, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀. Tí ẹ bá wá sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tó jẹ́ pé ibi tó fẹ̀ jù lábẹ́ ẹsẹ̀, ní ìdí àwọn ọmọ-ìka, lẹ fi tẹ̀ ẹ́, orúnkún yóò ká díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù ń dá iwájú orúnkún lóró. Èyí tó ga jù ń dá ẹ̀yìn orúnkún lóró, ó sì ń mú kí ìbàdí máa mì sọ́tùn-ún sósì. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí ẹ ń rà lọ́jà, ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti tò ó fún. Ẹ má gùn ún kúrò níwájú ẹni tó tà á láìtún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń pa kẹ̀kẹ́ tì. Ẹ wo dígí, ẹ ò rí nǹkan kan. Àmọ́ nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, omi inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sì ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọpọlọ ti ń kọ́ bó ṣe máa pe fọ́nrán iṣan púpọ̀ pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gun òkè tí ẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ itan yín kò tíì fi nǹkan kan nípọn sí i. Ó di bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Láàárọ̀, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ẹ ka bí ọkàn ṣe ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 72 lè bá a ní 60 lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọkàn rẹ̀ ti lágbára nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá sì ṣàdédé fi bí 10 lé sí ti àtẹ̀yìnwá, ara kò tíì sinmi tán, tàbí kí ibà máa bọ̀. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ fọkàn balẹ̀. Èròjà ara tí wọ́n ń pè ní testosterone, tó ń mú kí iṣan ọkùnrin tètè nípọn, kò pọ̀ lára yín. Ara yín yóò le, ẹsẹ̀ yín yóò dúró dáadáa, aṣọ yóò sì jókòó lára yín dáadáa. Kí itan tó di ti Förstemann, ọ̀pọ̀ ọdún gbígbé irin ló wà nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì dé bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikùn ńkọ́? Kò sí ìgùn kan tó ń yọ ọ̀rá ikùn nìkan. Ara fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tó máa mú ọ̀rá. Ẹni tó wọn 70 kìlógíráàmù tó bá gun kẹ̀kẹ́ wákàtí kan níwọ̀ntúnwọ̀nsì lè jó bí 500 kálórì. Tó bá délé tó mu mínírà méjì, tó fi búrẹ́dì tì í, ó ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Mi ò ní kí ọmọ Èkìtì má jẹ iyán o. Iyán wà lára ohun tí ẹsẹ̀ ń lò lórí òkè. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja àti ẹran ló ń kọ́ iṣan, ibẹ̀ ni oúnjẹ yín sì ti ń dín kù. Ẹni 60 kìlógíráàmù tó ń gùn gidi nílò bí 70 sí 95 gíráàmù purotéènì lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ wá ṣírò ohun tó wà nínú àwo yín. Ẹ sùn dáadáa pẹ̀lú, torí inú oorun àti ìsinmi ni iṣan ti ń tún ara rẹ̀ kọ́. Àwọn kan ń bi mí bóyá kí wọ́n lọ wẹ̀ ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù. Ẹ lọ, ara yóò tù yín. Àmọ́ omi kì í kọ́ itan.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ kò lè fún yín wá kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Kẹ̀kẹ́ kì í kọ́ apá, kì í kọ́ igbáàyà. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ, kì í kọ́ egungun. Àwọn onímọ̀ ti wọn egungun ẹ̀yìn àwọn tó ń díje lórí kẹ̀kẹ́ ojú títì, wọ́n sì rí i pé ó sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré lọ. Ìjókòó ló ń ru ara fún wọn. Egungun kò rí ẹrù gbé, kò sì rí ilẹ̀ tó ń ta á padà. Nítorí náà, ẹ máa fo okùn. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, kí ẹ sì ru nǹkan bọ̀. Ẹ gba ọmọ-odó lọ́wọ́ ìyá yín lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ gún iyán ilé náà fúnra yín, ní ìdúró, kí ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́. Apá, èjìká àti ẹ̀yìn á mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ máa na iwájú ìbàdí pẹ̀lú, torí ìkákò tí ẹ ń ká kò lórí kẹ̀kẹ́ máa ń fà á kúrú, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín.

Nǹkan kan wà tí ẹ máa ń tijú láti sọ fún mi. Bí abẹ́ yín bá ń kú tipiri lẹ́yìn ìrìn gígùn, ìjókòó ló ń tẹ iṣan ìmọ̀lára àti òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjókòó náà tẹ́jú, kí imú rẹ̀ má yọ sókè. Ẹ máa dìde dúró lórí pẹ́dàlì lóòrèkóòrè, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Bí kò bá lọ, ẹ lọ bá dókítà. Ẹ má fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀.

Òkè tí ẹ gùn, ẹ ó sọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó ti Ẹ̀fọ̀n sọ̀ lọ sí Ẹ̀rìnmọ̀ kún fún kọ́nà, ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà á, bíréèkì ọkọ̀ ńlá a sì máa já lórí irú òkè bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáré níbẹ̀ láé. Ẹ yẹ bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn wò kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ dé akoto.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ. Ẹ wọn itan yín láàárọ̀, kí ẹ tó gùn, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè orúnkún, ẹsẹ̀ kan náà nígbà gbogbo. Ẹ wọn ìbàdí pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ kọ iye ìlù ọkàn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má tún fi téèpù wọn ara mọ́ títí oṣù fi máa pé. Bó bá di oṣù kẹta, ẹ mú ìwé náà wá sọ́dọ̀ mi, ká jọ wò ó, ká lè mọ ẹni tó yẹ kí gíà rẹ̀ le sí i àti ẹni tó yẹ kí tirẹ̀ fúyẹ́ sí i.