Àwòrán Lẹ́tà àti Nọ́ńbà Lẹ́tà: Ìmẹ̀kọ Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá mọ̀ pé àmì tí ó pé nígbà títẹ̀ lè ṣí nípò, tàbí kí ó di àpótí òfìfo, bí wọ́n bá sọ ìwé náà di PDF. Láti ṣàlàyé èyí, a dábàá ọ̀rọ̀-ìperí méjì: àwòrán lẹ́tà, èyí tí ojú ń rí, àti nọ́ńbà lẹ́tà, èyí tí ẹ̀rọ ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ ìlú Ìmẹ̀kọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lẹ́tà 5 ni ojú ń rí. Nínú ètò Unicode, nọ́ńbà 6 ni ó kéré jù: Ì ní ọ̀kan, ọ ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní tirẹ̀, ẹ gba ọ̀kan, àmì ohùn orí rẹ̀ gba ọ̀kan. Bí a bá tú gbogbo àmì sọ́tọ̀, ó di 9. Méjèèjì tọ̀nà, àwòrán wọn kò sì yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà yóò ní Ìmẹ̀kọ kò sí nínú ìwé tí ó wà.

PDF, tí ó jáde ní 1993, àwòrán lẹ́tà ni ó ń tò sójú ìwé. Bí atọ́ka tí ó so àwòrán mọ́ nọ́ńbà kò bá pé, a ó rí ọ̀rọ̀ kà, ṣùgbọ́n a kò ní rí i wá jáde.

Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé fi fọ́ǹtì sínú PDF, kí ó sì da ọ̀rọ̀ kan kọ láti inú rẹ̀ wò kí ó tó fi ránṣẹ́. Yíyọ àmì kúrò kì í ṣe àtúnṣe: fáìlì ni ó ní àbùkù, kì í ṣe àkọtọ́.