Ṣé Nótárì Lè So Wá Pọ̀ ní Tamale?

ÌBÉÈRÈ

Ìyá wa amòfin, ọjà Aboabo ní Tamale ni mo ti ń ta aṣọ. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni bàbá tó bí bàbá mi. Ọmọ Dagomba ni àfẹ́sọ́nà mi, olùkọ́ ni. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Takoradi, ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù kó lọ. Bàbá mi ní òun ò ní fọwọ́ sí i kí n bá ọkùnrin tí kò tíì gbé mi níyàwó kó lọ sí ìlú tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. A ò lówó àríyá, a ò sì fẹ́ jẹ gbèsè nítorí ìrẹsì àti aṣọ ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Florida, ní Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé nótárì ló so òun àti ọkọ òun pọ̀ nínú pálọ̀, kò sì gbà tó wákàtí kan. Amòfin kan wà ní àdúgbò wa tó kọ “Notary Public” sára pátákó rẹ̀. Ṣé a lè tọ̀ ọ́ lọ kó so wá pọ̀ lọ́jọ́ kan? Bí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀nà wo ló yá jù tí òfin á fi mọ̀ wá ní tọkọtaya?

Ẹni Tó Ń Kánjú, Tamale

ÌDÁHÙN

O kú ọjà o, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò lówó àríyá, tó sì kọ̀ láti lọ yá a, ti ní làákàyè tó tó gbé ilé ró.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni: rárá. Nótárì kò láṣẹ láti so ẹnikẹ́ni pọ̀ ní Gánà. Amòfin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni nótárì, Adájọ́ Àgbà ló ń yàn án, òfin ọdún 1960 ló sì to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kó gba ìbúra, kó jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé, kó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà ìwé pé òótọ́ ni. Ìgbéyàwó kò sí níbẹ̀. Bí nótárì kankan bá gba owó yín, tó kọ ìwé aláràbarà, tó lu òǹtẹ̀ pupa lé e, bí ẹ ṣe wọlé náà lẹ ó ṣe jáde: àfẹ́sọ́nà méjì tó mú ìwé dání.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ò purọ́ o. Òfin Florida gba nótárì láyè láti so tọkọtaya pọ̀, ti South Carolina náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ló sọ fún ọ, kò sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí nótárì yẹn tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n rẹ àti ọkọ rẹ̀ ti ní láti lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ará Florida tí kò bá lọ síbi ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún ìgbéyàwó sì máa ń dúró fún ọjọ́ 3 kí ìwé àṣẹ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́hùn-ún pàápàá, ìjọba ti mọ̀ sí i kó tó dé pálọ̀.

Ìyára lo ń wá, ó sì wà ní Tamale. Ìkọ̀kọ̀ ni òfin Gánà kì í gbà. Fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń to ọ̀nà mẹ́ta tó wà nílẹ̀ fún ọ.

Ọ̀nà kìíní ni ìgbéyàwó níwájú akọ̀wé ìjọba, èyí tí ará Gánà ń pè ní Ordinance, tí àwa ń pè ní ìgbéyàwó kóòtù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe adájọ́ ló ń ṣe é. Tamale Metropolitan Assembly lẹ ó lọ. Bó bá jẹ́ apá Sagnarigu lẹ ń gbé, ẹ rántí pé Sagnarigu ti dá dúró láti ọdún 2012, kí ẹ béèrè Assembly tó kàn yín. Ẹ ó fi orúkọ yín sílẹ̀, wọn ó sì lẹ ìfitónilétí náà síta gbangba fún ọjọ́ 21. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ta kò ó, akọ̀wé á fún yín ní ìwé pé ọ̀nà là. Láti ọjọ́ tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀, oṣù 3 lẹ ní. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé ti kú nìyẹn, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀yin méjèèjì, ẹlẹ́rìí méjì, akọ̀wé, àti ilẹ̀kùn tí a ò gbọdọ̀ tì. Má rò pé mo ń ṣàwàdà nípa ilẹ̀kùn, inú òfin ló wà.

Bí àwọn ẹbí rẹ ní Nàìjíríà bá gbọ́ ọjọ́ 21 yìí, wọn ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ́fíìsì ìgbéyàwó Ìkòyí ní Èkó. Òótọ́ ni. Ọdún 1884 ni wọ́n gbé òfin náà kalẹ̀, nígbà tí Èkó àti Góòlù Kóòsì, Gánà òde òní, ṣì wà lábẹ́ gómìnà kan ṣoṣo. Èkó yà kúrò ní 1886, àmọ́ ó mú òfin rẹ̀ dání lọ. Ìdí tí wọ́n fi fi ọjọ́ 21 sí i ò le láti mọ̀: kí ìyàwó tí ọkùnrin kan fi pamọ́ sí ìlú mìíràn lè gbọ́, kó sì sọ̀rọ̀ kó tó pẹ́ jù.

Ẹni tí kò lè dúró lè tọrọ ìwé àṣẹ àkànṣe tó ń mú ọjọ́ 21 kúrò. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń tọ̀ lọ. Ìwọ ní ọ̀sẹ̀ méje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọjọ́ 21. Kí lo fẹ́ fi àkànṣe ṣe? Fi owó náà ra ìkòkò àti àwo dè mí ní Takoradi.

Ohun kan wà tó wúwo nínú ọ̀nà yìí. Ọkọ kan, aya kan ni. Bí ọkùnrin bá ti ní ìyàwó kan nílé lábẹ́ àṣà, kò lè gba ibí fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ni dé ẹ̀wọ̀n ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ẹjọ́ nìkan ló lè tú u ká.

Ọ̀nà kejì ni ti ìbílẹ̀, òun ló sì yá jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé Yorùbá àti Dagomba jọ mọ iyì obì. Lọ́jọ́ tí ìdílé rẹ̀ bá gbé obì àti ohun tí àṣà béèrè wá, tí ìdílé rẹ gbà á, tí wọ́n sì fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́, o ti di ìyàwó lójú òfin Gánà. Kò sí ọjọ́ 21, kò sí pátákó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè lọ forúkọ ìgbéyàwó náà sílẹ̀ ní Assembly. Òfin kan ní 1985 sọ ọ́ di dandan; àtúnṣe ọdún 1991 ní kó di ohun tó wu ni. Má tìtorí pé ó jẹ́ ohun tó wu ni fi í sílẹ̀.

Ibí gan-an ni amòfin oní-pátákó rẹ ti wúlò. Ìwé ìbúra ni wọn ó béèrè lọ́wọ́ yín fún ìforúkọsílẹ̀ yìí: orúkọ yín, ibi tí ẹ ń gbé nígbà tí ẹ ṣe é, àti pé ẹ ti ṣe gbogbo ohun tí àṣà là kalẹ̀. Àwọn òbí ìhà méjèèjì, tàbí àwọn tó dúró bí òbí, á sì kín in lẹ́yìn. Nótárì lè gba ìbúra yẹn, kọmíṣọ́nnà ìbúra ní kóòtù náà sì lè gbà á. Àmọ́ mọ̀ dájú pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò dí ọkọ rẹ lọ́wọ́ àtifẹ́ ìkejì.

Ọ̀nà kẹta ni yìgì. O ò sọ bóyá Mùsùlùmí ni àfẹ́sọ́nà rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Dagomba jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tó ti wà láti 1907 ní kí wọ́n forúkọ yìgì sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n so ó: ọkọ, walí ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì, àti àáfà tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń so yìgì láàárọ̀, tí wọ́n jẹ àkàrà àti wàrà, tí wọn ò sì dé Assembly títí ayé.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ inú mi ni ọ́, ohun tí mo máa ní kó o ṣe nìyí. Kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà lójúkojú: ṣé ìyàwó kan ló fẹ́ títí, àbí ó fẹ́ fi àyè sílẹ̀? Má jẹ́ kí ìkánjú jẹ́ kó o fo ìbéèrè yìí. Bí ó bá ní ìyàwó kan ni, ẹ jẹ́ kí ìdílé méjèèjì pàdé lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú obì, èèyàn mẹ́wàá péré, kí ẹ sì lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún Ordinance lọ́sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì oṣù, ọjọ́ 21 ti pé nígbà tó bá di ọjọ́ kẹtàlélógún. Òfin kò ní kí tọkọtaya ìbílẹ̀ má tún ara wọn fẹ́ níwájú akọ̀wé. Ẹlòmíràn ni wọn ò gbọdọ̀ fẹ́.

Ẹ mú Ghana Card tàbí ìwé ìrìnnà, ìwé ọjọ́ ìbí àti fọ́tò dání. Ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó rí, kó mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìwé ikú ẹnìkejì rẹ̀ wá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó rárá, ẹni tí kò bá sì tíì pé 21 nílò ìwé ìyọ̀ǹda òbí fún Ordinance. Bí ìwé ìrìnnà rẹ bá jẹ́ ti Nàìjíríà, wọ́n lè béèrè ìwé ìbúra pé o ò lọ́kọ. Iṣẹ́ nótárì tún nìyẹn. Má sì rò pé ìgbéyàwó á sọ ọ́ di ọmọ Gánà lójú ẹsẹ̀. Òfin ọdún 2000 gbà ọ́ láyè láti béèrè fún un, àmọ́ o ní láti béèrè. Owó tí ẹ bá san níbikíbi, ẹ gba rìsíìtì.

O lè ní, “Ìyá wa, bí obì bá ti tó, kí ni ìwé tún ń ṣe?” Bi àwọn àgbà ilé yín nípa oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù yẹn, ìjọba Busia tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti ń tajà ní Tamale látọdún gbọọrọ di ẹrù wọn, wọ́n gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbétì àti Ìgbòho lọ. Àwọn tó jẹun ìgbéyàwó ara wọn, tó lè dìde sọ pé “mo wà níbẹ̀,” fọ́n káàkiri. Àtúnṣe 1991 tí mo dárúkọ gbà kí kóòtù fi ẹ̀rí ẹnu mọ̀ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wáyé, kí opó lè jogún. Ó dára. Ṣùgbọ́n Takoradi lò ń lọ, etí òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wà lọ́jọ́ tí wọ́n pín obì yín. Ẹnu ta ni wàá fi jẹ́rìí?

Torí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Assembly láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó o tó ṣí ìsọ̀. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí bá jáde, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ ní Tamale. Kó o sì bá mi kí amòfin oní-pátákó náà. Ìbúra yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dà ìwé yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì lè wá jókòó bí ẹlẹ́rìí kejì. Ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí.