Kí O Tó Gbé Irin Wọlé

Mo ti wo àwòrán tí o fi hàn mí lórí fóònù rẹ lánàá, ọmọ àbúrò mi. Ẹ̀rọ ńlá tó ní wáyà, tó ní àga, tó ní ibi fífà àti ibi títì, gbogbo ara rẹ̀ ń dán bíi mọ́tò tuntun. O ní o fẹ́ sọ yàrá tó wà lẹ́yìnkùlé di jíìmù, kí o yé san owó oṣù fún jíìmù ẹlòmíì. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n owó tí o fẹ́ kó lé ẹ̀rọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ọ̀kadà, mi ò sì lè dákẹ́ sí i.

O mọ̀ pé Old Garage Òṣogbo yìí ni mo ti jó irin dàgbà, kí ibẹ̀ tó di Freedom Park tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń ya fọ́tò. Àwa náà gbé irin nígbà náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni jíìmù wa: fáláwíìlì bọ́ọ̀sì tó ti dẹnu kọlẹ̀, ṣáàfù tírélà kan tó kú, àti rọ́bà péńtì tí a da kọnkéré kún. Irú rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn gàrí ni mò ń wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn kan ti gbé ṣáàfù lọ, mo bá fi páìpù omi ṣe ọ̀pá. Mo dùbúlẹ̀ sórí pákó, rọ́bà kọnkéré mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Mo tì í lẹ́ẹ̀kan, mo tì í lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo rí i tí àárín páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹ̀ka ọsàn tó so jù. Rọ́bà apá òsì yọ̀ kúrò, ti apá ọ̀tún fa gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnu páìpù yí bírí, ó gbá mi lẹ́nu. Eyín iwájú tí o ti ń bi mí láti kékeré pé níbo ló lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ló wà.

Kọnkéré ò ṣẹ̀ mí. Páìpù ló dà mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tó wúwo kò wọ́n. Ohun tí yóò gbé e dúró lókè ọrùn èèyàn ló yẹ kí á náwó lé.

Torí náà, ọ̀pá ni kí o kọ́kọ́ rà. Èyí tí wọ́n ń lò níbi ìdíje, kílò 20 ni ti ọkùnrin, ó sì gùn tó mítà 2.2. Ti obìnrin jẹ́ kílò 15. (Má rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ obìnrin náà máa gbé e. Adijat Olarinoye tó díje ní ìsọ̀rí kílò 55 ní Birmingham lọ́dún 2022 gbé kílò 111 sókè orí, ó sì gba góòlù.) Ẹnu ọ̀pá níbi tí irin ń wọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50, òun ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní ínṣì méjì. Oríṣi kejì tí o máa rí, onínṣì kan ni. Irin onínṣì kan kò lè wọ ọ̀pá onínṣì méjì; irin onínṣì méjì a sì máa mì lára ọ̀pá onínṣì kan bíi ṣòkòtò àgbà lára ọmọdé. Mo mọ ẹni tó ti ra irin kún yàrá kó tó mọ èyí.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, má wo dídán. Gbé e sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tó tẹ́jú, kí o fi ẹsẹ̀ yí i. Tí àárín rẹ̀ bá ń fò sókè sódò, ó ti tẹ̀ nìyẹn, dá a padà fún onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà, di àárín rẹ̀ mú, kí o fi ọwọ́ kejì yí ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnu náà lè dá yí, kí ọrùn ọwọ́ rẹ má baà bá irin yí.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kí o kúkú gé irin ìkọ́lé. Òṣogbo mà ni a wà, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ irin mẹ́ta sí, tí Jos àti Katsina gba méjì yòókù. Irin yẹn dáa fún òpó ilé. Ní èjìká èèyàn, yóò tẹ̀, gbígún ara rẹ̀ yóò sì bó ọ lọ́wọ́.

Ní ti ohun tó wúwo, ibẹ̀ ni kí o ti ṣọ́ owó ná. Rọ́bà lítà mẹ́rin tí kọnkéré kún dẹ́nu á tó kílò 9 tàbí 10. Máa fi omi rin ín fún ọjọ́ méje, kí o tó fọwọ́ kàn án. Tí o bá sì rí irin tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ 45 sí lára, bi wọ́n bóyá kílò ni tàbí pọ́n-ùn, torí pọ́n-ùn 45 kò ju kílò 20 àti díẹ̀ lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, gbé e dé orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra àlòkù irin. Kí apá ọ̀tún má wúwo ju apá òsì lọ.

Àga ìdùbúlẹ̀ àti òpó tí ọ̀pá ń sùn lé, jẹ́ kí á bá wẹ́dà ṣe é. Páìpù onígun mẹ́rin, ínṣì méjì sí méjì, kó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta. Gíga àga kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ lè tẹlẹ̀ dáadáa. Ìbú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 32 lọ, kí èjìká rẹ lè ráyè. Wo ojú jíjó náà kí wọ́n tó kùn ún, torí ọ̀dà máa ń bo ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́dà. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ náà ni mo sọ ọ́. Èyí tó dáa máa ń tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí inú àkàrà, kí wọ́n tún un jó lójú rẹ.

Kí òpó náà ní apá méjì tí yóò gba ọ̀pá mú bí agbára bá tán nínú rẹ. Fọláṣadé Oluwafemiayo ti kílò 167 sókè lórí àga ní Paralympics ti Paris lọ́dún 2024, àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun ni nígbà náà. Síbẹ̀, àwọn èèyàn dúró lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Ìwọ tí o fẹ́ dá gbé e nínú yàrá, ta ni yóò bá ọ gbà á?

Òpó yẹn náà ni o máa fi lóṣòó, tí irin á wà léjìká rẹ. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Òṣómàáló ni bàbá wa, bàbá ìyá rẹ. Aṣọ ló ń tà láwìn láti Iléṣà, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló sì ń lóṣòó sí títí tí owó rẹ̀ fi máa jáde. Itan bàbá yẹn le bí odó títí ó fi kú, kò sì ra ẹ̀rọ kankan.

Wá lọ́jọ́ Sátidé kí oòrùn tó mú. Wọn gígùn àti ìbú yàrá náà wá, pẹ̀lú gíga rẹ̀ dé sílìn, ká lè mọ̀ bóyá ọ̀pá á ráyè. Mú owó ọ̀pá nìkan dání, kí o sì fi èyí tó kù sílẹ̀ ní báńkì.